Ahoro, Ìwé àti Eré: Orísun Àwọn Eré Ẹ̀yìn Ìparun, àti Ohun tí Ilẹ̀ Yewa Lè Fi Kún Un

Yorùbá mọ ohun tí ń jẹ́ ahoro dájú. Ilé tí kò ní olùgbé mọ́, ahoro ni. Oko tí olóko fi sílẹ̀ tí igbó sì gbà á, ahoro ni. Ìlú tí ogun kó, tí koríko hù ní ojú ọjà rẹ̀, òun ni olórí ahoro. Láti Ìpókíà dé Ìlaròó, láti Ìlaròó dé Àyétòrò, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán, ọ̀rọ̀ ohun tí ojú àwọn baba ńlá rí ni. Síbẹ̀, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní bá fẹ́ ṣeré nípa ayé tí ó ti parun, New York tí bọ́ǹbù wó tàbí aṣálẹ̀ Ọsirélíà ni ọkàn wọn kọ́kọ́ ń sáré lọ. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Àwọn ìwé, sinimá àti ìwé ìtàn alàwòrán tí ó bí irú eré bẹ́ẹ̀ ni ó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ó tọ́ kí a tú àwọn orísun náà wò, kí a mọ ibi tí agbára wọn ti wá, kí a sì béèrè bóyá irú wọn kò sí ní ẹ̀bá ilé.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ irú eré tí à ń wí, nítorí àwọn olùkọ́ tí kò tíì rí i rí kò ní ṣàìpọ̀. Ènìyàn mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni olùdarí. Òun ni yóò máa sọ bí ayé inú eré náà ti rí, ohun tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn àti ẹni tí ń bọ̀ lọ́nà. Olúkúlùkù àwọn yòókù yóò gba ipa ẹnì kan: jagunjagun, oníṣègùn, olè, arìnrìn-àjò. Olùdarí á béèrè pé, 'Kí ni ẹ ó ṣe?' Wọn á dá a lóhùn. Bí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe bá jẹ́ ohun tí ó lè yọrí tí ó sì lè máà yọrí, wọn á ju dáìsì, irú èyí tí a fi ń ta lúdò, iye tí ó bá yọ ni yóò sì sọ bí ó ti rí. Eré ìkópa ni a ó máa pè é níhìn-ín. Ó fara jọ àlọ́ tí agbo ọmọdé ń gbe orin rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àlọ́, ohun tí apàlọ́ bá ní kí Ìjàpá ṣe náà ni Ìjàpá yóò ṣe. Nínú eré ìkópa, ẹni tí ó gba ipa Ìjàpá ni yóò pinnu bóyá òun yóò jí ẹ̀bẹ àna òun jẹ tàbí òun kò ní jí i. Kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí àlọ́ náà yóò parí sí, olùdarí pàápàá kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, ni ó gbé èyí tí ó ṣáájú nínú irú eré yìí jáde fún títà ní 1974; Dungeons & Dragons ni wọ́n pè é. Ní 1976, James M. Ward gbé òmíràn jáde, Metamorphosis Alpha, nípa ọkọ̀ ńlá kan tí ń lọ láàrin àwọn ìràwọ̀, tí àwọn ọmọ-ọmọ àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ti gbàgbé pé inú ọkọ̀ ni àwọn wà. Inú ìwé tí Brian Aldiss, ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ní 1958 ni ó ti rí ìmọ̀ràn náà. Nígbà tí ó di 1978, Ward àti Gary Jaquet ṣe Gamma World, èyí tí ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ ti di ahoro nínú rẹ̀. Ohun tí ó wu ọmọ-ìwé nínú ọ̀ràn yìí ni pé àwọn tí ó ṣe eré wọ̀nyí kò fi orísun wọn pamọ́. Wọ́n dárúkọ ìwé mẹ́ta àti sinimá kan tí ó ta Gamma World jí: Starman's Son tí Andre Norton kọ, The Long Afternoon of Earth tí Aldiss kọ, Hiero's Journey tí Sterling Lanier kọ, àti Wizards, sinimá àwòrán tí Ralph Bakshi ṣe ní 1977. Gygax náà, ní 1979, to orúkọ àwọn òǹkọ̀wé tí ó kọ́ ọ lọ́gbọ́n sí ẹ̀yìn ìwé àwọn olùdarí eré. Àwọn tí ń ṣe eré títí di òní ń ka ìwé ìtọ́kasí náà bí ẹni ń ka ìtàn ìdílé. Kò sí òǹkọ̀wé Áfíríkà kan nínú rẹ̀, àfi bí a bá fẹ́ ka Tolkien, tí wọ́n bí ní Bloemfontein ní Gúúsù Áfíríkà ní 1892, tí wọ́n sì gbé lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kékeré.

Nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, ti Norton ni ó tọ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ní 1952 ni ó jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Fors, ni olórí ìtàn. Baba rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń lọ wá ohun ìgbàanì nínú àwọn ìlú tí ogun bọ́ǹbù ti sọ di ahoro. Baba náà ti kú, àwọn ará ilé sì kọ̀ láti fi ọmọ rọ́pò rẹ̀ nítorí pé irun rẹ̀ funfun, wọ́n sì ń fura pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò mọ́. Fors jí àpò baba rẹ̀ gbé, òun àti ológbò ńlá kan sì wọ inú ayé lọ. Ẹni tí ó bá ti ṣe irú eré tí à ń wí yìí rí yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé òun ti bá Fors pàdé: ọmọ tí kò ní àyè nílé, ẹranko tí ó bá a rìn, ìlú ńlá tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, ohun èlò àwọn ará ìgbàanì tí a kò mọ ìlò rẹ̀. Ìwé ìtàn alàwòrán tí Jack Kirby bẹ̀rẹ̀ ní 1972, Kamandi, yí ọ̀rọ̀ náà padà díẹ̀: níbẹ̀, ẹranko ni ó ń sọ̀rọ̀ tí ó sì ń jọba, ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń dà bí ẹran ọ̀sìn.

Ìwé Walter Miller, A Canticle for Leibowitz, jáde ní odindi ìwé ní 1959. Lẹ́yìn tí iná bọ́ǹbù ti jó ayé, àwọn tí ó kù bínú sí ìmọ̀, wọ́n ń pa àwọn ọ̀mọ̀wé, wọ́n ń sun ìwé. Àwọn mọ́ńkì kan nínú aṣálẹ̀ ni ó ń fi ìwé pamọ́, tí wọ́n ń dà wọ́n kọ láìmọ ìtumọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé mímọ́ wọn jẹ́ tákàdá kékeré tí ẹnì kan kọ ohun tí yóò rà ní ọjà sí kí ayé tó parun. Ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ ń pani, lẹ́yìn náà ni ojú ń ro. Ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ pé Miller jẹ́ ọmọ-ogun òfuurufú Amẹ́ríkà. Ó wà nínú àwọn tí ó ju bọ́ǹbù sí ilé àwọn mọ́ńkì ní Monte Cassino ní Ítálì ní 1944. Ibi tí wọ́n ti ń pa ìwé mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó bá wọn wó. Kì í ṣe pé ó jókòó sí iyàrá kan ó ń ro bí ayé yóò ti parun. Ó ti gbọ́ òórùn rẹ̀.

Bákan náà ni Keiji Nakazawa, ará Japan. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí Hiroshima ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1945. Ní 1973 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ya ìtàn náà ní ìwé alàwòrán, Barefoot Gen, tí ọmọdé kan ń wá ohun jíjẹ fún ìyá rẹ̀ láàrin òkú. George Miller ní Ọsirélíà, ẹni tí ó ṣe sinimá Mad Max ní 1979, jẹ́ dókítà. Ní ilé ìwòsàn ni ó ti rí ohun tí mọ́tò ń fi ara ènìyàn ṣe, ó sì rí bí àwọn ènìyàn ti ń bá ara wọn jà nígbà tí epo wọ́n ní ọdún 1973. Sinimá kejì, ti 1981, ni ó so epo mọ́ òpin ayé: ọ̀wọ́ àwọn apanirun ń lé ọkọ̀ epo kan kiri nínú aṣálẹ̀. Nínú rẹ̀ ni àwọn tí ó ṣe Fallout, eré orí kọ̀ǹpútà tí ó jáde ní 1997, ti rí aṣọ àti àjà tí wọ́n fún òṣèré wọn.

Ará Ìpókíà kan kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ sinimá yìí fún un. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí ìjọba ti ti ẹnubodè ilẹ̀ pa láti oṣù kẹjọ, Kọ́sítọ́ọ̀mù pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe gbé epo lọ sí ilé epo èyíkéyìí tí kò jìnnà tó 20 kìlómítà sí ẹnubodè. Ìpókíà, Ìdí-Ìrókò àti àwọn ìletò tí ó yí wọn ká wà láàrin ìwọ̀n náà. Àwọn alùpùpù tí ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo gba ọ̀nà igbó, ilé epo tí ó dá páro lójú títì, ẹni tí ó ní mọ́tò ṣùgbọ́n tí kò ní ohun tí yóò rọ sí i: òyìnbó ní láti fi owó ńlá ṣe irú èyí kí ó tó lè yà á ní sinimá.

Ohun tí àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí fi hàn ni pé, nínú gbogbo iṣẹ́ tí ó bí eré ẹ̀yìn ìparun, àwọn tí kì í kú lọ́kàn ẹni ni èyí tí ẹni tí ó ṣe é ti rí ìparun tirẹ̀. Àwọn yòókù ń ṣe àfarawé. Bí ọ̀ràn bá sì ti rí báyìí, ilẹ̀ Yewa, tí à ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di 1995, kì í ṣe ibi tí a lè fò kọjá.

Ní 1848, ogun Gézò, ọba Dàhòmì, kó Òkè-Ọdàn. Wọ́n pa, wọ́n sun ilé, wọ́n kó ẹrú lọ sí Abomey. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn. Àìná ni à ń pè é lónìí. Wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀. Ní 1850, Frederick Forbes, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, wá bá Gézò sọ̀rọ̀ nípa òwò ẹrú, ọba sì fi ọmọ náà ta á lọ́rẹ, nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Forbes sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta, Bonetta jẹ́ orúkọ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ó sì mú un dé ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin Victoria, ẹni tí ó gba ìtọ́jú rẹ̀. Ó fẹ́ James Davies, oníṣòwò Èkó, ní 1862, ó sì kú ní 1880 ní erékùṣù Madeira. Láàrin ọdún méjì péré, ọmọ kan pàdánù ìyá, baba, ìlú àti orúkọ. Ohun tí ó tún rí gbà kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn.

Òkè-Ọdàn nìkan kọ́. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú kó Òṣoògùn ní òwúrọ̀, nígbà tí wọ́n ń se oúnjẹ lọ́wọ́, wọ́n sì mú Àjàyí, tí ó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ọdún 25 ni ó tó tún fi ojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta ní 1846. Ní 1886, Dàhòmì pa Kétu run, ó sì kó àwọn ará ibẹ̀ lọ; ìlú tí ó ní odi àti yàrà yí i ká di ahoro fún bí ọdún méje sí mẹ́jọ. Ànàgó, orúkọ tí àwọn ará Ìpókíà ń jẹ́, ni àwọn ará Dàhòmì yí sí Nàgó tí wọ́n fi ń pe gbogbo Yorùbá. Àwọn tí wọ́n tà sì gbé e dé Brazil, níbi tí ó wà títí di òní. Orúkọ àwọn tí ó wà ní ẹnubodè ni ó lọ jìnnà jù, nítorí àwọn ni ọwọ́ kọ́kọ́ ń tẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé ìtàn ni èyí, kì í ṣe ìwé àròsọ tí eré lè ti inú rẹ̀ jáde. Ìwé náà wà. Ní 1952, ọdún kan náà tí Norton gbé Starman's Son jáde ní Amẹ́ríkà, ilé ìtẹ̀wé Faber ní London tẹ ìwé àkọ́kọ́ Amos Tutùọlá, ará Abẹ́òkúta, The Palm-Wine Drinkard. Ní 1954, wọ́n tẹ èkejì, My Life in the Bush of Ghosts. Gbogbo ènìyàn ń yin èyí àkọ́kọ́. Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ọ́ di eré orí ìtàgé ní 1963, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èkejì ni ó bá ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lọ, ó sì jinlẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń kọ́ ọ lọ.

Bí ó ti lọ nìyí. Ọmọ ọdún méje kan wà nílé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tí ogun akónilẹ́rú dé. Ìyá wọn kò sí nílé. Àwọn ọmọ méjèèjì sá, ẹ̀gbọ́n kò lè gbé àbúrò mọ́, ọmọdé náà sì kó sínú igbó tí ó rí níwájú rẹ̀ láìmọ̀ pé igbó àwọn iwin ni, níbi tí ènìyàn ẹlẹ́ran-ara kì í dé. Ọdún 24 ni ó lò níbẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di ẹṣin, wọ́n gùn ún. Ó di màlúù, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn darandaran, wọ́n nà án. Ó gbé ìyàwó, ó bí ọmọ. Ó bá ọmọ ìbátan rẹ̀ kan tí ó ti kú, tí ó ti dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀ ní ìlú kan nínú igbó náà. Ní ìgbẹ̀yìn, iwin obìnrin kan tí egbò bò fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ hàn án bí tẹlifísọ̀n, ó sì rí ìyá rẹ̀ nínú rẹ̀. (Ní 1959 ni tẹlifísọ̀n kọ́kọ́ dé Ìbàdàn, Tutùọlá ti fi í sí àtẹ́lẹwọ́ iwin ní ọdún márùn-ún ṣáájú.) Nígbà tí ó padà dé ilẹ̀ ènìyàn, akónilẹ́rú ni ó kọ́kọ́ mú un. Ó dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an bí ẹrú elégbò tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rà. Orin ni wọ́n fi dá a mọ̀.

Fi ọmọ yìí wé Fors, kí o sì fi ọdún 24 rẹ̀ wé ọdún 25 Àjàyí. Kò sí ẹ̀rí pé ìtàn Crowther ni Tutùọlá ń tò lẹ́yìn, kò sì pọn dandan. Ní Abẹ́òkúta, ìlú tí àwọn tí ogun lé kóra jọ tẹ̀ dó, irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò lè wọ́n. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni ìyàtọ̀ láàrin igbó Tutùọlá àti ahoro àwọn òyìnbó. Nínú Norton àti nínú Mad Max, ibi tí ó parun ṣófo; ohun tí ó wọ́n ni oúnjẹ, omi, ọta ìbọn, epo. Igbó àwọn iwin kún dẹ́múdẹ́mú. Ó ní ìlú, ọba, ilé ẹjọ́, ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí ó wọ́n níbẹ̀ ni ẹni tí yóò mọ ọmọ náà ní orúkọ. Nínú ìparun ti òyìnbó, ayé kú, ènìyàn kan ṣẹ́kù. Nínú ti Yewa, ayé ń lọ, ọjà ń ná, ẹnì kan ni a ti tà kúrò nínú rẹ̀.

Àwọn kan yóò wá sọ pé kì í ṣe òpin ayé nìyẹn, nítorí àwọn ìlú mìíràn ṣì wà. Ìyẹn kò mú òótọ́ wá. Ọmọ Òkè-Ọdàn tí ó dúró ní àgbàlá Gézò kò mọ ayé mìíràn tí ó ṣẹ́kù fún un. Àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà ti òde òní náà gbà bẹ́ẹ̀. Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London tí ó sì dàgbà ní Nàìjíríà, kọ Rosewater ní 1016+1000, ìyẹn 2016: ìlú kan ní Nàìjíríà dàgbà yí ohun àjèjì kan tí ó ti ojú ọ̀run wá ká, ènìyàn ń rọ́ lọ síbẹ̀ fún ìwòsàn, ọjà ń lọ, nígbà tí Amẹ́ríkà ti dákẹ́ tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Who Fears Death tí Nnedi Okorafor kọ ní 2010 gbé aṣálẹ̀ Sudan ti ọjọ́ iwájú kalẹ̀, kọ̀ǹpútà àtijọ́ wà níbẹ̀ bí ahoro, ṣùgbọ́n ohun tí ń dun ọmọbìnrin inú rẹ̀ ni bí wọ́n ti bí i àti ìdí tí ìlú kò fi gbà á. Pumzi, sinimá kékeré tí Wanuri Kahiu ti Kenya ṣe ní 2009, nípa ayé tí ogun omi ti parun, ni ó súnmọ́ ti òyìnbó jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èyí kan eré gan-an, kì í ṣe lítíréṣọ̀ nìkan. Ohun tí eré bá ń kà ni àwọn òṣèré yóò máa ṣọ́. Bí tákàdá òṣèré bá ní àyè fún ọta ìbọn àti ìgò omi, ọta ìbọn àti ìgò omi ni wọn yóò jà fún, wọn yóò sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ti rí lẹ́yìn ìparun. Bí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá bá ṣe eré láti inú Tutùọlá, ohun mìíràn ni yóò kọ sórí tákàdá náà: orúkọ àbísọ, oríkì, ilà ojú, ohùn àdúgbò, orin kan tí ìyá rẹ̀ ń kọ. Ìwọ̀nyí ni òṣèré lè pàdánù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá lo ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn iwin lè gbàgbé ìlà kan nínú oríkì rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá tún lórúkọ sọ gbọ́dọ̀ ju dáìsì kí ó tó dáhùn sí ti àtijọ́. Nígbà tí ó bá dé ẹnu odi ìlú rẹ̀, ohun tí ó bá ṣẹ́kù lórí tákàdá ni yóò fi bẹ̀bẹ̀.

Ní ti àwọn tí yóò jùmọ̀ rìn, Fágúnwà ti ṣe ètò náà parí ní 1938. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, àwọn tí ń lọ sí Òkè Lángbòdó kì í ṣe akọni kan ṣoṣo bí Mad Max. Kako ní kùmọ̀ rẹ̀, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Ọlọ́hùn-iyọ̀ ní ohùn orin, Èfòìyè ní ọfà, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó lè dé ibẹ̀ láìsí àwọn yòókù. Bí a bá gbé ìwé yìí fún ẹni tí ó mọ eré ìkópa láìsọ ọdún tí wọ́n kọ ọ́, yóò búra pé lẹ́yìn 1974 ni. Ó yani lẹ́nu pé àwọn olórin òyìnbó méjì, Brian Eno àti David Byrne, ti gba àkọlé ìwé Tutùọlá fún àwo orin wọn láti 1981, tí àwọn aṣeré kò sì tíì fi bẹ́ẹ̀ bojú wo inú rẹ̀.

Àtakò kan kù tí ó wúwo ju èyí lọ. Ṣé ó bójú mu kí a fi ìparun Òkè-Ọdàn ṣeré? Àwọn ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó lọ ṣì ń bẹ láyé. Kò yẹ kí a fi ẹ̀rín kó ìbéèrè yìí dànù, nítorí eré tí òṣèré kan ti gba ipa jagunjagun Dàhòmì tí ó sì ń ka orí tí òun bé, òkú ni ó ń tàbùkù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yewa àti Kétu gan-an ni ó ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Lóru, Ẹ̀fẹ̀ a jáde pẹ̀lú agọ̀ lójú, á fi orin sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ sọ ní ọ̀sán: ìwà ìkà, ìtìjú ìdílé, àṣìṣe ìjòyè. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń gbọ́. Ẹni tí ó gbé agọ̀ wọ̀ kò lè bínú sọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ìlú ni ó ń sọ̀rọ̀ fún, ọ̀wọ̀ àwọn ìyá ni ó sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó ni àṣà yìí mọ ọ̀nà tí a fi ń gba ipa ẹlòmíràn nínú ọ̀rọ̀ ńlá láìsọ ọ́ di yẹ̀yẹ́, wọ́n sì mọ ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe kí a tó bẹ̀rẹ̀. Olùdarí eré tí ó bá bi àwọn àgbà Òkè-Ọdàn léèrè kí ó tó kọ eré rẹ̀ kò ṣe ju ohun tí Ẹ̀fẹ̀ ń ṣe lọ.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìpadàbọ̀ sí Kétu ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn Faransé ti ṣẹ́gun Dàhòmì, àwọn ará Kétu tí ó kù sì ń padà láti oko ẹrú ní 1893 àti 1894. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ní 1889 ti la ilẹ̀ náà já ní àìsí wọn nílé: Ìpókíà àti Ìlaròó wà lọ́wọ́ kan, Àjàṣẹ́ àti Kétu wà lọ́wọ́ kejì. Òṣèré kan lè gba ipa ọkùnrin tí wọ́n kó lọ ní kékeré, tí Fọ̀n ti yọ́ sí i lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Òmíràn lè gba ipa obìnrin tí ó bí ọmọ fún jagunjagun Abomey, tí ó sì pọn ọmọ náà bọ̀. Ẹnì kẹta lè jẹ́ ọdẹ tí ọwọ́ kò tẹ̀ rárá, tí ó fi igbó ṣe ilé ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, tí ó sì mọ ẹni tí ó sá àti ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn. Àkábà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, ṣì dúró. Igi ti hù nínú àgbàlá, ibi tí ilé baba olúkúlùkù wà kò hàn mọ́. Olùdarí yóò béèrè ẹni tí yóò kọ́kọ́ gba ẹnubodè náà wọlé, àti ẹni tí yóò dúró ní ìta títí wọn yóò fi pe orúkọ rẹ̀.